Ẹsẹ̀ Tó Wà Lẹ́yìn Aṣọ

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ìtọ́jú èékánná náà fún ìgbà àkọ́kọ́, tó ti bọ́ bàtà, tó ti na ẹsẹ̀ sílẹ̀ de omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í rí omi bọ̀rọ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Ẹ jẹ́ n wò ó ná." Ìyá tó ni ibẹ̀ á fa àpótí ìjókòó kékeré kan sún mọ́ fèrèsé, á gbé ẹsẹ̀ onítọ̀hún lé orúnkún, á ti awò ojú rẹ̀ sókè imú, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìka kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tí ọmọ rẹ̀ kọ láti ọ̀nà jíjìn. Kánjú bó o bá fẹ́, kò kàn án. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi sọ ọ́ ní Ìyá Ẹ-jẹ́-n-wò-ó, òun náà sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni jẹ oyè.

Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí omi tó kan ẹsẹ̀, ojú ni kó kọ́kọ́ kàn án. Kútẹ́ẹ̀sì àtijọ́ gbọ́dọ̀ kúrò tán, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ la sì fi ń wò ó. Ó ní omi máa ń purọ́, pé ẹsẹ̀ tó bá ti rin, gbogbo rẹ̀ ló ń dán.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyàwó ni ìyá náà ń pè é, Ìyàwó ni àwọn oníbàárà ń pè é, kódà ẹni tó ń ta omi ìgò lójú títì náà ń kígbe Ìyàwó bí ẹni pé òun ló fẹ́ ẹ. Ó ti ránṣọ fún ọdún mẹ́jọ kó tó dé ibẹ̀, nítorí náà ojú rẹ̀ mú. Ẹnu rẹ̀ ni kò mú. Obìnrin yìí kò lè sọ ohun tó máa dun èèyàn fún un. Bí ọbẹ̀ rẹ bá níyọ̀ jù, á ní ó dùn. Bí fìlà rẹ bá wọ́, á ní ó bá ojú rẹ mu.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó rò pé ohun tí wọ́n ń kùn ní ọ̀dà ni èékánná jẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ojú rẹ̀ là. Olùkọ́ obìnrin kan wá ṣe ọwọ́. Nígbà tí kútẹ́ẹ̀sì kúrò, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó dábùú èékánná rẹ̀, lórí gbogbo ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ní ojú kan náà. Ìyá Ẹ-jẹ́-n-wò-ó fi ìka tọ́ kòtò náà lọ, tọ́ ọ bọ̀.

"Àǹtí," ó ní, "kí ló ṣe yín ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn?"

Obìnrin náà yára fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ọwọ́ yín ni."

Ni obìnrin náà bá jẹ́wọ́ pé ibà kan dá òun dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé díẹ̀ ló kù kí òun kú, òun kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ níbi iṣẹ́. Ìyá wá ṣàlàyé fún Ìyàwó lẹ́yìn náà: èékánná ọwọ́ máa ń lò tó oṣù mẹ́fà kó tó ti ìdí hù dé orí. Bí àìsàn ńlá bá gbé ara ṣánlẹ̀, èékánná á dúró díẹ̀, á sì sàmì sí ibi tó ti dúró. Bí ara bá yá, á tún máa bá tirẹ̀ lọ, á máa ru àmì náà lọ síwájú díẹ̀díẹ̀. Kòtò tó bá ti dé àárín, oṣù mẹ́ta nìyẹn. Ìyàwó dúró ti abọ́ omi tó gbé dání títí omi fi tutù. Ó ti ń gé èékánná rẹ̀ sọnù láti kékeré, kò mọ̀ pé ìwé ìrántí lòun ń gé dànù.

Láti ọjọ́ yẹn, ó di ẹni tí ẹnu ń yà. Ó rí èékánná tó tẹ̀ sínú bíi ṣíbí, tí ẹ̀kán omi kan lè dúró sí lórí. Ìyá ní kí ẹni náà lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó tó. Ó rí káfíńtà kan tó ń húkọ́, tí orí ìka rẹ̀ wú roboto, tí èékánná rẹ̀ sì tẹ̀ kọdọrọ wálẹ̀. Ìyá ní kí ó fi ẹ̀yìn èékánná ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ méjèèjì kan ara wọn. "Ìyàwó, fi tìẹ náà ṣe é." Ìyàwó ṣe é. Láàárín èékánná rẹ̀ méjèèjì, fèrèsé kékeré kan ṣí sílẹ̀, kò ju ẹyọ hóró àgbàdo lọ, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ti káfíńtà dí pa. Kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni, pé ilé ìwòsàn sì ti dá a dúró fún ìtọ́jú.

Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ìyẹn, bí Ìyàwó ṣe délé, kò tíì bọ́ gèlè tó fi ní kí ọkọ rẹ̀ fi èékánná kan èékánná. Ó ṣe é fún ọmọ, ó ṣe é fún aládùúgbò, ó ṣe é fún ẹni tó wá gba owó iná. Gbogbo wọn ló ní fèrèsé. Ó dúpẹ́ dúpẹ́, ọkọ rẹ̀ sì bi í bóyá iṣẹ́ ọ̀hún kò ti máa wọ̀ ọ́ lórí.

"A kì í ṣe dókítà o," ni Ìyá máa ń sọ. "A kì í dárúkọ àrùn. Ohun tí ojú wa bá rí la ń sọ, a ó sì sọ ibi tí wọ́n máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́. Ẹni tó bá rí i tí kò sọ ọ́, ì bá má tilẹ̀ ní ojú."

Ibẹ̀ gan-an ni Ìyàwó ti ṣubú.

Ìdánwò wọn kò rí bí ìdánwò ibòmíì. Wọ́n á ta aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun kan sí igun yàrá tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà, wọ́n á gbé àga sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ á na ẹsẹ̀ gba abẹ́ aṣọ jáde, títí dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sí ohun mìíràn tí ẹni tó ń ṣe ìdánwò lè rí. Kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, á kan apá àga lẹ́ẹ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀mejì fún bẹ́ẹ̀ kọ́. "Bí o bá rí ojú èèyàn," Ìyá ní, "ojú rẹ̀ lo máa wò, o ò ní wo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́." Àwọn oníbàárà tí wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ wọn ló máa ń yọ̀ǹda ara wọn fún un.

Nígbà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ọkùnrin kan ni wọ́n gbé síwájú Ìyàwó. Ojú egbò kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó fi ìka kàn án, ẹsẹ̀ kò tilẹ̀ mira. Egbò tí kò dun ẹni tó ni ín! Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni, pé irú rẹ̀ ló máa ń bá àwọn onítọ̀ ṣúgà. Ó rí gbogbo rẹ̀. Àánú ọkùnrin náà wá ṣe é, ó sì gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé, "Kò sí nǹkan, sà. Ó kàn bó díẹ̀ ni. Ẹ fi ìpara sí i."

Ìyá ká aṣọ náà kúrò. Ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ ti pàdánù ìka ẹsẹ̀ méjì ní ẹsẹ̀ kejì, nítorí ẹnìkan ti sọ fún un rí pé kò sí nǹkan.

"Ẹnu rẹ dùn jù," Ìyá sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì pariwo. "Ẹnu dídùn ti gé ẹsẹ̀ èèyàn rí, ìwọ náà rí i. Màá tún dán ẹ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mo bá tún gbọ́ 'kò sí nǹkan' lẹ́nu rẹ fún ohun tí ojú rẹ rí, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni màá dá ẹ padà sí, kí o lọ máa parọ́ fún ẹni tí ṣòkòtò bá fún."

Oṣù mẹ́rin gbáko ni Ìyàwó fi kọ́ ẹnu rẹ̀. Ó ń dúró níwájú dígí, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé gèlè rẹ kò dára. Àǹtí Fáàrí, tó ti pẹ́ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, tó sì máa ń kun ìka kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ ọ̀tọ̀, ló ń bá a dápàárá jù. Òun nìkan náà ló sì máa ń bá Ìyá ṣe ẹ̀fẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wo ti gbogbo ayé, ta ló ń wo tiyín?"

"Ojú mi ò tíì fọ́."

"Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó o, Màmá, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

"Ọ̀bẹ dà? Lọ fọ abọ́ yẹn."

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó mọ ẹsẹ̀ Ìyá. Ìbọ̀sẹ̀ dúdú àti bàtà tó bo ẹsẹ̀ délẹ̀ ló ń wọ̀, nílé àti níbi iṣẹ́. Ó di ọdún mẹ́fà tí Ìyàwó ti wọlé wọn, kò rí ìhòòhò ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ rí. Kò sì ka ìyẹn sí. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe é ní kàyéfì, tí kò sì bi ẹnikẹ́ni, ni ìgò kútẹ́ẹ̀sì pupa-dúdú kan tó ń yára tán lórí pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ kò sí oníbàárà tó ń bèèrè àwọ̀ yẹn.

Ọjọ́ ìdánwò kejì dé. Oòrùn mú, ìmọ́lẹ̀ kún yàrá. Ìyàwó fi ìró rẹ̀ nu ọwọ́.

Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lábẹ́ aṣọ ní èékánná dúdú kan lórí àtàǹpàkò. Ó gbé iná kékeré sún mọ́ ọn. "Ẹ̀jẹ̀ ló dì sábẹ́ rẹ̀," ó ní. "Èékánná tó ń hù bọ̀ láti ìdí mọ́ tónítóní, dúdú náà sì ti ń sún síwájú. Bàtà tó fún yín ló fà á. Ẹ yí bàtà padà, yóò hù kúrò." Àga ró lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rín Ìyá dún lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹsẹ̀ kejì nípọn ní èékánná, ó pọ́n bí ògbólógbòó ìwé, ó ń rún, àárín àwọn ìka tó kángun sì rin, ó funfun. Ó wá kan ẹnu. Ìyàwó ní, "Mà, tàbí sà, èyí kò dára. Ohun kan ń jẹ èékánná yín, kútẹ́ẹ̀sì ò sì ní wò ó sàn, ńṣe ló máa bò ó mọ́lẹ̀. A ò ní fi irinṣẹ́ tí a bá lò fún yín kan ẹlòmíì. Ẹ lọ rí dókítà, ẹ sì máa nu àárín ìka yín gbẹ." Àga ró lẹ́ẹ̀kan. Ó mí kanlẹ̀.

"Ó ku ẹyọ kan," Ìyá sọ. Ó na ìwé máàkì sí Àǹtí Fáàrí. "Dúró sípò mi. Mò ń lọ pe ẹni kẹta wá." Ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Wọ́n dúró díẹ̀. Nígbà tó yá, àga tó wà lẹ́yìn aṣọ dún, ẹsẹ̀ méjì sì yọ jáde, tọ̀tún ṣáájú, tòsì tẹ̀ lé e.

Ẹsẹ̀ obìnrin ni. Ó mọ́, gìgísẹ̀ rẹ̀ rọ̀, kò sán rárá, gbogbo èékánná rẹ̀ ni a gé gún régé. Òórùn omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì ṣì wà lára rẹ̀. Ìyàwó ń rò ó pé, ẹsẹ̀ alábùkún lèyí, wọ́n fẹ́ fi dá mi lọ́lá ni. Ó wá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orúnkún rẹ̀.

Ìlà kan wà lórí àtàǹpàkò.

Ó dúdú, ó ti ìdí èékánná wá dé orí láìdáwọ́ dúró. Ìlà dúdú kì í ṣe tuntun fún Ìyàwó. Àwa tí awọ wa dúdú, ọ̀pọ̀ wa ló ní in, lórí ìka mẹ́ta, mẹ́rin, kò sì ní nǹkan-án ṣe. Ó wo àwọn ìka yòókù. Kò sí. Èyí dá wà. Ó mú awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Ní orí èékánná, ìlà náà kò ju igi ìṣáná kan lọ. Ní ìdí, ó ju méjì lọ dáadáa.

Nígbà náà ni ohun tó ń wò yé e, orí rẹ̀ sì wú. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ máa ń lò ju ọdún kan lọ kó tó ti ìdí hù dé orí. Ohun tó wà ní orí yẹn, ọdún tó kọjá ni. Ohun tó wà ní ìdí, oṣù yìí ni. Ọdún kan odidi ló tẹ́ sílẹ̀ lórí ibi tí kò tó ẹyọ kọ́bọ̀, èékánná sì ti kọ ọ́ fúnra rẹ̀ bí ìlà náà ṣe ń fẹ̀, oṣù dé oṣù, kò fo ọ̀kan. Ẹnu yà á débi pé ó gbàgbé pé ìdánwò lòun ń ṣe. Ta ló kọ́ ara èèyàn ní irú ìwé báyìí? Ó tẹ orí ba, ó tún wo ìdí. Dúdú náà kò dúró lórí èékánná mọ́. Ó ti rọra ya wọ inú awọ.

Ẹ̀rù wá bà á wàyí. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn sì dé ẹnu rẹ̀ wẹ́rẹ́, kò sí nǹkan, mà, ó dúró sórí ahọ́n rẹ̀ bí ṣúgà. Ó gbé e mì.

"Mà, ṣé nǹkan já lu ìka yìí rí?"

Àga ró lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

Lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ẹ ti fi han ẹnikẹ́ni nílé?"

Lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ẹ̀ ń fi kútẹ́ẹ̀sì bò ó?"

Lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́ gan-an. Àǹtí Fáàrí gbé orí sókè kúrò lórí ìwé. Lẹ́yìn náà, àga ró lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́.

Ìyàwó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ náà mú. "Mà, mi ò lè dárúkọ rẹ̀ fún yín, torí mi ò mọ̀ ọ́n. Ó lè má jẹ́ nǹkan ńlá. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí rèé: ẹyọ kan ni, ó ń fẹ̀, ó sì ti wọ inú awọ. Mi ò ní tù yín nínú pẹ̀lú irọ́. Ẹ má kun èékánná yìí mọ́. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la, ẹ ní kí ẹni tó mọ̀ nípa awọ wò ó, kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ yẹ̀ wò. Bí kò bá sẹ́ni tó máa sìn yín lọ, èmi á sìn yín."

Ẹsẹ̀ náà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí Fáàrí," ohùn kan wí láti ẹ̀yìn aṣọ, "kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yege."

Ìwé bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí Fáàrí. Ìyàwó kò dìde, kò sì lè fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó jókòó síbẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ dúdú méjèèjì wà lórí itan rẹ̀, ó ká wọn bí ọmọ ilé ìwé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Bí o bá mọ̀ ńkọ́?"

Omijé Ìyàwó ló dá a lóhùn.

"Ìdí tí mo fi jókòó síbí nìyẹn," Ìyá sọ. "Ó lé lọ́dún kan tí mo ti ń rí i. Ní gbogbo òwúrọ̀, màá wò ó, màá ní 'kò sí nǹkan', màá sì kùn ún. Èmi náà! Ọ̀rọ̀ tí mò ń bá ẹ wí lé lórí, òun ló wà lẹ́nu mi. Mo wá ní kí n jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ pé èmi ni bá mi wò ó."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì wà ní ilé ìwòsàn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Àwọn ará ibẹ̀ gé díẹ̀ lára ìka náà, wọ́n sì ní kí wọ́n lọ dúró de èsì. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi dúró, kò sẹ́ni tó jẹun yó nínú ilé. Èsì dé: ohun burúkú ni, jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò tíì wọnú lọ. Wọ́n yọ èékánná náà àti awọ abẹ́ rẹ̀ pátápátá, wọ́n fi awọ míì bò ó, ìka sì dúró. Dókítà, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn nígbà tí ọwọ́ kò ká a mọ́. Ó bèèrè ẹni tó rí i.

"Ẹni tí kò mọ irọ́ pa mọ́ ni," Ìyá dáhùn.

Oṣù kejì lẹ́yìn náà ni Ìyá padà sí ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú sálúbàtà tó la iwájú. Àwọn oníbàárà ń yọjú wo ìka tí kò ní èékánná, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n wò. Ó gba ìwé máàkì lọ́wọ́ Àǹtí Fáàrí, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fa bírò yọ, ó sì pa mẹ́wàá nínú mẹ́wàá tó wà níbẹ̀ rẹ́, ó kọ mẹ́sàn-án.

"Màmá, kí ni mo ṣe?"

"Kí lo ò ṣe ni kó o bi mí. Ẹsẹ̀ mélòó ni mo nà sí ẹ lọ́jọ́ yẹn?"

Ìyàwó ronú. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀tún nìkan ló wò.

Ìyá ti ń rọra jókòó sórí àga oníbàárà. Ó bọ́ sálúbàtà òsì, ó sì na ẹsẹ̀ náà sínú ìmọ́lẹ̀. Ìyàwó fa àpótí ìjókòó kékeré sún mọ́ fèrèsé, ó gbé ẹsẹ̀ lé orúnkún.

"Ẹ jẹ́ n wò ó ná," ó ní.